Orí Keje: Ọwọ́ Tó Gbé Ìwádìí Ró. Ìfiwéra Àwọn Tẹkiníṣánnì Jámánì àti ti Kòríà Gúúsù, 2000 sí 2020

Ohun tí orí yìí wà fún

Lẹ́yìn tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:
- sọ ẹni tí à ń pè ní tẹkiníṣánnì nínú iṣẹ́ ìwádìí, kí o sì ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti olùwádìí;
- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíka orí àti kíka àkókò iṣẹ́;
- fi ọ̀nà méjì pín oǹkà kan náà, kí o sì sọ ìdí tí ìtàn méjèèjì kò fi bára mu;
- tọ́ka sí ibi tí okùn oǹkà orílẹ̀-èdè kan ti já láàárín ọdún.

7.1 Òṣùwọ̀n tó wà lábẹ́ fáànù

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí ìṣòro kan tí n kò mọ orí rẹ̀, tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Iyẹ̀fun gbágùúdá ni mo ń wọ̀n, lórí òṣùwọ̀n láàbù tó máa ń fi ìyàtọ̀ hàn bó ti wù kó kéré mọ. Bí mo bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀, iye kan ni. Bí mo bá tún un wọ̀n lọ́sàn-án, iye mìíràn ni. Mo ka ìwé títí ojú fi ń ta mí. Mo yí ọ̀nà ìṣirò padà. Mo tilẹ̀ ra iyẹ̀fun tuntun.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá tó ń mójú tó láàbù wọlé wá bá mi. Wọn ò wo ìwé mi rárá. Wọ́n gbójú sókè wo fáànù tó ń yí lókè àjà, wọ́n lọ pa á, wọ́n ní kí n tún iyẹ̀fun náà wọ̀n. Iye náà dúró síbi kan. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń bá ọ wọ̀n ọ́n, ọmọ mi." Wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n yí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi inú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi dúró sáàárín, wọ́n sì kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde lé òṣùwọ̀n kí ó tó tutù.

Orúkọ mi wà lára ìwé tí mo fi gba oyè. Orúkọ olùkọ́ mi náà wà níbẹ̀. Ti Bàbá kò sí níbẹ̀. Nígbà yẹn, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, ìbéèrè kan kì í kúrò lọ́kàn mi: bí ìjọba bá rán àwọn akànìyàn jáde pé kí wọ́n ka gbogbo ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórílẹ̀-èdè yìí, ibo ni wọn yóò kọ Bàbá sí?

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣirò kárí ayé ti ń bá yí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Nínú orí yìí, a óò wo bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀, a óò sì fi orílẹ̀-èdè méjì tó gbajúmọ̀ nídìí ìwádìí, Jámánì àti Kòríà Gúúsù, ṣe àpẹẹrẹ.

7.2 Ta ni tẹkiníṣánnì?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1963, àwọn ògbógi láti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ OECD péjọ sí Frascati, ìlú kékeré kan nítòsí Róòmù ní Ítálì. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ka àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bó ti wù ú, kò sì sí ẹni tó lè fi oǹkà ọ̀kan wé ti èkejì láìṣìnà. Ìwé atọ́nà kan ni wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀, orúkọ ìlú náà ni ayé sì fi ń pè é títí di òní: Ìwé Atọ́nà Frascati. Ẹ̀dà keje rẹ̀ jáde ní 2015. Oǹkà tí UNESCO ń kó jọ nípa ìwádìí, orí ìlànà ìwé yìí ló dúró lé.

Ìwé náà pín àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni olùwádìí. Òun ló ń ronú kan ìbéèrè, tó ń gbé àbá kalẹ̀, tó ń ṣe ètò bí a óò ṣe dán an wò, tó sì ń túmọ̀ ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde.

Èkejì ni tẹkiníṣánnì. Ẹni yìí ní ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìrírí nínú ẹ̀ka kan, ó sì ń fi í ṣe ìwádìí, lọ́pọ̀ ìgbà lábẹ́ àbójútó olùwádìí. Òun ló ń to ẹ̀rọ, tó ń pèsè ohun èlò, tó ń ṣe àyẹ̀wò, tó ń kọ iye tí ẹ̀rọ bá sọ sílẹ̀, tó ń ṣírò rẹ̀, tó sì ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ìwádìí lè wà nínú ìpín yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbé ìwé ìbéèrè káàkiri àdúgbò, tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ará ilé lẹ́nu wò fún onímọ̀ nípa àwùjọ. Nítorí náà, má ṣe rò pé aṣọ funfun láàbù nìkan ni àmì tẹkiníṣánnì.

Ẹ̀kẹta ni àwọn alátìlẹ́yìn mìíràn: akọ̀wé, oníṣẹ́-ọwọ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tó so mọ́ ìwádìí kan tààrà.

Ohun kan wà tí ìwé náà tẹnu mọ́. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ló ń sọ ìpín tó wà, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì ní oǹkà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ní oyè yunifásítì lè máa ṣe iṣẹ́ tẹkiníṣánnì. Ẹni tí kò ní in sì lè máa ṣe iṣẹ́ olùwádìí. Lórí ìwé, ìlànà yìí mọ́ kedere. Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ èsì ìbéèrè ìjọba, kì í rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé-ẹ̀rí ló yá láti kà ju iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lọ. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé Kòríà.

7.3 Ṣé orí là ń kà, àbí àkókò?

Jẹ́ kí a mú tẹkiníṣánnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọjọ́ márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ó ń fi ọjọ́ mẹ́ta pèsè láàbù sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe práktíkà, ó sì ń fi ọjọ́ méjì bá olùwádìí kan ṣiṣẹ́. Bí a bá ka orí, ẹnì kan ni. Bí a bá ka àkókò tó fi ṣe ìwádìí, 0.4 ni, nítorí ọjọ́ 2 nínú 5 ni. Tẹkiníṣánnì márùn-ún tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ orí 5, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìwádìí àkókò kíkún 2 péré ni wọ́n jẹ́.

Gbogbo ẹni tó bá ti ra ìrẹsì lọ́jà mọ̀ pé kóńgò kò dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìrẹsì ọjà kan pọ̀ ju ti ọjà kejì lọ, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí o béèrè ni pé kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni pẹ̀lú oǹkà òṣìṣẹ́: bí orílẹ̀-èdè kan bá fún ọ ní iye orí, tí èkejì fún ọ ní iye àkókò, fi ìfiwéra náà sílẹ̀ títí tí o óò fi rí èyí tó bára mu. Oǹkà àkókò kíkún ni a óò lò jálẹ̀ orí yìí.

Ìbéèrè kejì ni pé kí ni a óò fi pín oǹkà náà. Jámánì ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 83. Kòríà Gúúsù ní bíi mílíọ̀nù 52. Bí a kò bá pín iye tẹkiníṣánnì fún iye ènìyàn, títóbi Jámánì nìkan ni a óò máa rí. UNESCO àti Báńkì Àgbáyé máa ń ṣe é báyìí: wọ́n á sọ iye tẹkiníṣánnì tó wà nínú mílíọ̀nù ènìyàn kan. A tún lè fi iye olùwádìí pín in, kí a mọ ọwọ́ mélòó ló dúró ti olùwádìí 100. Fi ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́kàn. Ní ìpín 7.6, wàá rí i tí wọn yóò bára wọn jiyàn.

7.4 Jámánì: ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ní òfin

Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Jámánì ti sọ láàbù di ilé ẹ̀kọ́. Justus von Liebig bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Giessen ní 1824, ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ aláró bíi Bayer àti BASF kọ́ láàbù tiwọn. Ní 1887, ìjọba dá ilé ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ ní Berlin fún ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ kò lè rìn láìsí ẹni tó mọ gíláàsì, iná, irin àti òṣùwọ̀n bí ẹní mọ owó.

Ohun tó mú Jámánì yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá jáde girama, tó sì fẹ́ di òṣìṣẹ́ láàbù kẹ́míkà, yóò tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ náà ń san owó fún un lóṣooṣù. Ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, láàbù ilé-iṣẹ́ ni yóò wà; àwọn ọjọ́ yòókù, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí gbà fún láàbù kẹ́míkà, ti físíìsì àti ti bàọ́lọ́jì. Ní ìparí rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ní aṣojú àwọn agbanisíṣẹ́, aṣojú òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ nínú ni yóò dán an wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dàgbà sí Mushin tàbí Òkè-Àdó yóò rí ohun tó jọ èyí nílé. Ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹ́káníìkì náà ń tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ọ̀gá, ó ń sìn títí ọdún fi pé, wọ́n á sì ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Jámánì, òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 1969 ló sọ ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ iṣẹ́, iye àkókò tí yóò fi kọ́ ọ, àti ẹni tí yóò dán an wò. Ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ náà gbà ní Hamburg ní iyì kan náà ní Munich.

Kò sì parí síbẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ tán, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lè padà sílé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì kí ó sì gba oyè tẹkiníṣánnì tí ìjọba fọwọ́ sí. Nínú àtẹ ìwé-ẹ̀rí tí Jámánì gbé kalẹ̀ ní 2013, ipele kẹfà ni wọ́n fi oyè yìí sí, ipele kan náà pẹ̀lú oyè àkọ́kọ́ yunifásítì. Èyí kò sọ pé ẹ̀kọ́ méjèèjì jọ ara wọn. Ohun tó sọ ni pé ìlú náà rí ìmọ̀ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tó tó ìmọ̀ ìwé.

7.5 Kòríà Gúúsù: láti inú eérú ogun

Ogun tó parí ní 1953 fi Kòríà sílẹ̀ láìní nǹkan. Láti 1963, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Jámánì láti lọ ṣiṣẹ́: nǹkan bí 8,000 awakùsà àti nọ́ọ̀sì tó lé ní 10,000 ló lọ kí ètò náà tó parí. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé wúlò púpọ̀. Ní àkókò kan náà, Jámánì ṣèrànwọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ sílẹ̀ ní Kòríà. Nítorí náà, àwọn méjì tí à ń fi wé ara wọn yìí ti mọra tipẹ́.

Ní 1966, wọ́n dá ilé ìwádìí ìjọba kan tó lórúkọ sílẹ̀ ní Seoul, èyí tí à ń pè ní KIST, pẹ̀lú ìrànwọ́ Amẹ́ríkà. Òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 1967. Nígbà tí Ààrẹ Park Chung-hee kéde ní 1973 pé irin, ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ àti kẹ́míkà ni ìlú yóò gbájú mọ́, òfin tó pín ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ sí ipele, láti oníṣẹ́-ọwọ́ títí dé ògbógi ẹnjiníà, jáde lọ́dún kan náà. Ní 1967 ni àwọn ọ̀dọ́ Kòríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje iṣẹ́-ọwọ́ àgbáyé. Ní 1977, wọ́n gba ipò kìn-ín-ní.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yà. Bí owó ṣe ń wọlé, gbogbo òbí ló fẹ́ kí ọmọ òun lọ sí yunifásítì. Ní 1990, nínú ọmọ 100 tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nǹkan bí 33 ló tẹ̀síwájú sí yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 2008, wọ́n ti ju 80 lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó ti jẹ́ ibi ìyangàn rí di ibi tí òbí ń fi ọmọ sí tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Ìjọba náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Láti 1981 ni ilé-iṣẹ́ tó bá dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ti lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì gba ẹ̀dínwó owó orí. Kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní iye olùwádìí kan pàtó, ìwé-ẹ̀rí sì ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Ronú nípa ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ní ọmọ ẹnjiníà mẹ́ta tó gboyè yunifásítì. Wọ́n ń to ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ń kọ iye sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Frascati ṣe wí, iṣẹ́ tẹkiníṣánnì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí fọ́ọ̀mù bá dé, orúkọ wo ni ọ̀gá yìí yóò kọ sí i?

Ní 2010, ìjọba gbìyànjú láti yí ọwọ́ aago padà. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama 21 tí wọ́n fi orúkọ Jámánì pè, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Meister, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ nílò gan-an, tí ìjọba sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "meister" lédè Jámánì, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ló túmọ̀ sí. Ìlú tó ti rán awakùsà lọ rí padà lọ yá ọ̀rọ̀ náà lò.

7.6 Oǹkà méjì, ìtàn méjì

Wo àtẹ yìí. A ti ṣe oǹkà náà ní ṣókí kí ìṣirò lè rọrùn. Nítorí pé ààlà láàárín tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn ni orílẹ̀-èdè ti ń yàtọ̀ síra jù, a ti kó méjèèjì pọ̀ sójú kan.

| Ohun tí a kà | Jámánì 2000 | Jámánì 2020 | Kòríà 2000 | Kòríà 2020 |
|---|---|---|---|---|
| Gbogbo òṣìṣẹ́ ìwádìí | 485,000 | 730,000 | 138,000 | 545,000 |
| Olùwádìí | 258,000 | 450,000 | 108,000 | 447,000 |
| Tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn | 227,000 | 280,000 | 30,000 | 98,000 |
| Iye ènìyàn ìlú (mílíọ̀nù) | 82 | 83 | 47 | 52 |
| Tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn nínú mílíọ̀nù ènìyàn kan | 2,770 | 3,370 | 640 | 1,880 |
| Tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn fún olùwádìí 100 | 88 | 62 | 28 | 22 |

Kọ́kọ́ wo ìlà karùn-ún. Bí a bá fi iye ènìyàn ìlú pín in, ìròyìn ayọ̀ ni níhà méjèèjì. Ti Jámánì gòkè láti 2,770 sí 3,370. Ti Kòríà fò sókè láti 640 sí 1,880, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ogún ọdún. Ẹni tó bá kọ ìròyìn láti inú ìlà yìí yóò sọ pé Kòríà ń sáré lé Jámánì bá.

Wá wo ìlà kẹfà báyìí. Bí a bá fi iye olùwádìí pín in, ńṣe ni iye náà ń lọ sílẹ̀ níhà méjèèjì. Ní Jámánì, 88 ló dúró ti olùwádìí 100 ní 2000. Ní 2020, 62 ni. Ní Kòríà, 28 di 22. Ẹni tó bá kọ ìròyìn láti inú ìlà yìí yóò sọ pé ọwọ́ ń dín kù lẹ́yìn àwọn olùwádìí, àti pé Kòríà kò tíì sún mọ́ Jámánì rárá.

Àwọn méjèèjì sọ òótọ́. Iye òṣìṣẹ́ náà kò yí padà láti ìlà kan dé èkejì. Ohun tí a fi pín in ló yí padà. Ní Kòríà, tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn di ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n olùwádìí di ìlọ́po mẹ́rin ó lé díẹ̀. Àwọn kan ń rìn kánkán, àwọn mìíràn ń sáré, ẹni tó ń rìn kánkán sì dà bí ẹni tó ń padà sẹ́yìn.

Kíyè sí ohun kan sí i. Ní 2020, iye olùwádìí orílẹ̀-èdè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn Jámánì ju ti Kòríà lọ ní mílíọ̀nù 31. Ọ̀rọ̀ owó náà bá a mu: nínú 100 tí ọrọ̀ ajé Kòríà pa, ohun tó ná sórí ìwádìí ní 2000 lé díẹ̀ ní 2, ní 2020, ó ti kọjá 4.5. Ti Jámánì lọ láti nǹkan bí 2.4 sí nǹkan bí 3.1. Owó Kòríà pọ̀, olùwádìí rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, fún olùwádìí 100 kan náà, ọwọ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti Kòríà.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Ìkíní ni ọ̀nà ẹ̀kọ́. Ní Jámánì, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń pèsè tẹkiníṣánnì ní ọdọọdún, wọ́n sì ní orúkọ àti iyì tiwọn. Ní Kòríà, yunifásítì ń pèsè ẹni tó ní oyè, ẹni tó ní oyè kò sì fẹ́ kí a pe òun ní tẹkiníṣánnì.

Ìkejì ni orúkọ. Apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí lè jẹ́ ti fọ́ọ̀mù: iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n kọ sí "olùwádìí" ní Kòríà, lè wà lábẹ́ "tẹkiníṣánnì" ní Jámánì. Ẹ̀dínwó owó orí tí a mẹ́nu bà ní ìpín 7.5 fi kún èyí.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ, ó sì kan méjèèjì. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta ń fi ọwọ́ ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ tẹ́lẹ̀, bíi dída omi kẹ́míkà sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgò kéékèèké, ẹ̀rọ kan lè ṣe é lóru nígbà tí láàbù ti wà ní títì. Níbi tí ìwádìí ti jẹ́ ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, olùwádìí fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jókòó ti ẹ̀rọ.

7.7 Ibi tí okùn ti já

Ẹni tó bá ń fi ọdún wé ọdún gbọ́dọ̀ máa béèrè bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń kà látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, à ń pè é ní ibi tí okùn ti já.

Okùn Jámánì já lẹ́yìn oṣù Kẹwàá 1990, nígbà tí Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn Jámánì di ọ̀kan. Bí o bá rí i pé òṣìṣẹ́ ìwádìí pọ̀ sí i ní 1991, má ṣe sọ pé ìjọba gba ènìyàn síṣẹ́. Ìlú méjì ló di ìlú kan.

Okùn Kòríà já ní 2007. Ṣáájú ọdún yẹn, wọn kì í ka ìwádìí nípa àwùjọ, èdè, ìtàn àti irú wọn mọ́ ọn. Láti 2007, wọ́n kà wọ́n. Nítorí náà, apá kan nínú ìdàgbàsókè tí o rí nínú àtẹ wa jẹ́ ti àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Ìsọ̀kalẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti oǹkà, ti ayé gan-an ni. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Kòríà wó ní ìparí 1997, àwọn ilé-iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ ìwádìí lọ, iye olùwádìí sì dín kù ní 1998. Akẹ́kọ̀ọ́ rere gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí okùn ti já àti ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́. Lórí àwòrán, wọ́n jọ ara wọn. Ìwé àlàyé tó wà lábẹ́ àtẹ ni yóò là ọ́ lóye, nítorí náà máa kà á kí o tó ka iye.

7.8 Ohun tó kàn wá

Ọdún 1973 tí Kòríà ṣe òfin ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ ni àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní Nàìjíríà, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kó tó jáde. A ní ilé ẹ̀kọ́ pólì tó ń kọ́ni ní SLT, ìyẹn iṣẹ́ láàbù sáyẹ́ǹsì, a sì ní àjọ tí òfin 2003 dá sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ láàbù, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Sámọ́ńdà, Ìbàdàn. Kò sí pé a kò mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn yìí wúlò.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni iyì. Ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ láàárín HND, ìwé-ẹ̀rí pólì, àti oyè yunifásítì ti pẹ́ ní ẹnu wa ju bó ti yẹ lọ. Ìtàn Kòríà fi hàn pé bí ìlú bá ti jẹ́ kí orúkọ kan di ohun ìtìjú, àwọn ọ̀dọ́ yóò sá fún orúkọ náà, iṣẹ́ náà yóò sì ṣófo. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ìjọba yóò wá máa náwó láti pè wọ́n padà. Ìtàn Jámánì fi hàn pé iyì kì í ti inú ọ̀rọ̀ dídùn wá. Àdéhùn tó ní òfin, owó oṣù, ìdánwò tí gbogbo ìlú mọ̀, àti ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ sókè ló ń fún iṣẹ́ níyì.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Olùwádìí àti tẹkiníṣánnì ló bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá ka ọwọ́ kan, tó sì fi èkejì sílẹ̀, kò mọ ohun tí òun ní.

Àkótán

1. Tẹkiníṣánnì ni ẹni tó ń fi ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe ìwádìí, lọ́pọ̀ ìgbà lábẹ́ àbójútó olùwádìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.
2. Kíka àkókò kíkún ló ṣe é fi ìlú kan wé èkejì. Kíka orí lè ṣini lọ́nà.
3. Láàárín 2000 àti 2020, tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn pọ̀ sí i fún mílíọ̀nù ènìyàn kan ní Jámánì àti Kòríà, ṣùgbọ́n wọ́n dín kù fún olùwádìí 100.
4. Ọ̀nà ẹ̀kọ́, orúkọ tí à ń pe òṣìṣẹ́, àti ẹ̀rọ wà lára ohun tó lè fa ìyàtọ̀ náà.
5. Wá ibi tí okùn oǹkà ti já kí o tó túmọ̀ ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ kankan.

Ìdánrawò

1. Tẹkiníṣánnì mẹ́jọ ń lo ọjọ́ kan nínú márùn-ún fún ìwádìí. Òṣìṣẹ́ àkókò kíkún mélòó ni wọ́n jẹ́?
2. Lo àtẹ inú 7.6. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo òṣìṣẹ́ ìwádìí Jámánì ni tẹkiníṣánnì àti alátìlẹ́yìn ní 2000, àti ní 2020? Ṣe bákan náà fún Kòríà.
3. Kọ gbólóhùn méjì fún ìwé ìròyìn láti inú àtẹ kan náà: ọ̀kan tí yóò mú inú mínísítà ẹ̀kọ́ Kòríà dùn, ọ̀kan tí yóò dà á lọ́kàn rú. Gbólóhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà, kọ ẹ̀kẹta tí yóò sọ òtítọ́ náà tán.
4. Ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi oǹkà Kòríà ti 2005 wé ti 2010 láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2007.
5. Iṣẹ́ àṣejáde: lọ sí láàbù kan nítòsí rẹ, kí o sì gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀. Lo ọ̀sán kan pẹ̀lú ẹni tó ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ. Kọ ohun gbogbo tó fi ọwọ́ ṣe sílẹ̀, kí o sì fi ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú 7.2 yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bí ẹni náà bá gbà fún ọ, kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ.